Kílọ́ọ̀ṣì Tó Ń Gbọ̀n Jìgìjìgì

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gbọ̀n rí kò ní gbàgbé. Awakọ̀ ti ki gíà kìíní, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí pẹ́dàlì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ta gìrì, ó dúró, ó tún ta gìrì, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà lọ sọ́jà. Ilẹ̀kùn ń pariwo, eyín awakọ̀ ń lu ara wọn. Kó tó rìn tó ilé méjì sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ a ti rọlẹ̀, ọkọ̀ a máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ó di ìgbà tí iná ojú pópó bá tún dá a dúró.

Kí ni mọ́kálíìkì tó ń kánjú máa sọ? Pé pílétì ti jẹ, kí wọ́n lọ ra tuntun. Wọ́n a sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n a fi pílétì tuntun sí i, wọ́n a dì í padà, owó a ti lọ, jìgìjìgì a sì wà níbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn tó ń kan hot rod ní gúúsù California, ní Amẹ́ríkà, fi owó àti òógùn ojú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Hot rod ni ọkọ̀ àtijọ́, tó sábà máa ń jẹ́ Ford tó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n bọ́ mọ́dígáàdì rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju èyí tí wọ́n fi bí i lọ sí i nínú. Ẹ́ńjìnnì lè ti ara Mercury wá, eyín gíà láti ara Lincoln, ásù ẹ̀yìn láti ara ọkọ̀ tí kò bá àwọn méjèèjì tan. Ibi tí àwọn ẹ̀yà tí kò bá ara wọn dàgbà ti pàdé ni jìgìjìgì máa ń fi ṣe ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń gbọ̀n ní láti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe kàn án.

Àìsàn náà ti wà kí hot rod tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà kò yí. Kílọ́ọ̀ṣì ló máa so wọ́n pọ̀, fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí ó sì fi ń ṣe é, ojú méjì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí wọ́n bá ń yọ̀ dọ́gba, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń mú tí wọ́n tún ń jábọ̀, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ara ọkọ̀ ló máa gbà á.

Awọ ni ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Irin olórí ṣóńṣó kan ni, tí wọ́n fi awọ bò, tí sípíríǹgì ń tì wọnú fúláwíìlì, àgbá irin tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Rolls-Royce Silver Ghost tí gbogbo ayé ń yìn pé kò gbọ́ ariwo, kílọ́ọ̀ṣì aláwọ ló ní. Bí awọ bá gbẹ, a máa mú lójijì, ọkọ̀ a sì fò síwájú. Nítorí náà ni awakọ̀ fi ní láti máa fi òróró lárà pa á, tàbí òróró tí wọ́n sè láti ara ẹsẹ̀ màlúù, bọ́kọ̀tọ̀ gan-an ni. Bí òróró bá wá pọ̀ jù tí kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, amọ̀ lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n máa wọ́n sí i kó lè fà á mu. Ẹni tó ní ọkọ̀ nígbà náà kò lè ṣe kó má mọ ìṣe awọ.

Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tún ọ̀rọ̀ yìí yí padà. Herbert Frood ń gbé ní Derbyshire, níbi tí òkè ti pọ̀. Ó rí i pé àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa ń fi bàtà gbígbó ṣe búréèkì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó dára ju bàtà lọ, òwú tí wọ́n rì sínú oje. Bí ilé-iṣẹ́ Ferodo ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1897 nìyẹn. Kò pẹ́ tí asbestos fi gba ipò òwú nítorí pé kì í tètè jó, òun ló sì wà lójú pílétì kílọ́ọ̀ṣì fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún náà. Ọ̀rọ̀ asbestos ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ford Model T ló gbé jìgìjìgì wọ ilé mẹ̀kúnnù. Láàárín 1908 sí 1927, Ford ṣe é tó mílíọ̀nù 15. Kò ní gíà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì òsì dé ilẹ̀, bẹ́líìtì irin kan a fún mọ́ ìlù kan nínú gíábọ́ọ̀sì, ọkọ̀ a sì gbéra. Aṣọ òwú híhun ni wọ́n fi bo inú bẹ́líìtì yìí, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí òwú bá gbó, tó le, tó ń dán, kò lè mu ọ́ìlì mọ́, Ford a sì máa gbọ̀n níbi tó bá ti ń gbéra. Ó wọ́pọ̀ débi pé àwọn tó ń ta ọ́ìlì ń polówó ọ́ìlì tó jẹ́ ti Ford nìkan, wọ́n ní yóò lé jìgìjìgì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ọ́ìlì náà, aṣọ bẹ́líìtì tuntun ni wọ́n nílò.

Model A tó tẹ̀lé e ní ìparí 1927 ní gíà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí àti kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní pílétì bíi mélòó kan tí wọ́n tò léra. Kí 1928 tó parí, Ford ti pa ìyẹn tì, ó ti mú pílétì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni V8 dé ní March 1932: íǹṣì kúbíìkì 221, agbára ẹṣin 65, nínú ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Láti ara Model A àti ọkọ̀ 1932 yìí ni ọ̀pọ̀ hot rod ti wá.

Ẹni tó bá wọ abẹ́ àwọn Ford wọ̀nyí máa rí ohun kan tó ṣe pàtàkì ju pílétì lọ. Páìpù gbọọrọ kan bo ṣáàfùtì láti ásù ẹ̀yìn wá síwájú, orí rẹ̀ sì so mọ́ ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń ti ọkọ̀ lọ, kì í ṣe sípíríǹgì ló ń gbé agbára náà. Páìpù ló ń gbé e, ó ń ti gíábọ́ọ̀sì, gíábọ́ọ̀sì ń ti ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì ń ti ṣáásí láti ibi tó jókòó sí. Ohun tí àwọn mọ́kálíìkì tiwa ń pè ní ẹ́ńjìnnì síìtì ló ń ti gbogbo ọkọ̀. Lára Model A, Henry Ford àti àwọn ẹnjiníà rẹ̀ tún fi pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì sára ilé kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sára ṣáásí. Bí ẹ́ńjìnnì bá mì, pẹ́dàlì á bá a mì, kò ní sí ohun tó ń fa ẹnì kejì. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí kò hàn sójú. Ìgbà tí àwọn ọmọ California bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́ọ̀ àti iná wẹ́dà tú u ká ni wọ́n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Fún ọdún bíi mélòó kan, kò tilẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Orí adágún gbígbẹ ni wọ́n ti ń sáré: Muroc, Harper, Rosamond, El Mirage, ilẹ̀ aṣálẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà ní òkè Los Angeles. Ní 1937 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ dá àjọ eré kan, SCTA, sílẹ̀. Vic Edelbrock, mọ́kálíìkì tó padà di gbajúmọ̀ nínú ṣíṣe ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, fi Ford 1932 tirẹ̀ sá ju máìlì 120 ní wákàtí kan lọ níbẹ̀ ní 1941. Nígbà ogun, ìjọba gba Muroc fún àwọn ọmọ ogun òfurufú, ó sì ti di Edwards Air Force Base báyìí. El Mirage ni eré ṣí lọ lẹ́yìn ogun, ní 1949 ó sì tún dé ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní Utah.

Eré ibẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró. Ọkọ̀ mìíràn ló máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn títí tí ẹ́ńjìnnì á fi mú, wọ́n á sì ti ní máìlì gbọọrọ láti fi kó eré jọ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Kílọ́ọ̀ṣì kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ lè gbọ̀n bó ṣe wù ú ní máìlì mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré wọ ìlú. Ní 1950 ìje bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Santa Ana, ní 1951 Wally Parks dá àjọ ìje NHRA sílẹ̀, ìdá mẹ́rin máìlì láti orí ìdúró sì di òdiwọ̀n gbogbo ayé. Ìwé ìròyìn Hot Rod tí Robert Petersen àti Robert Lindsay bẹ̀rẹ̀ ní January 1948 ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin bí wọ́n ṣe lè ṣe é nínú gáréèjì ilé wọn. Àwọn ọmọdékùnrin kan náà ló ń fi ọkọ̀ wọn lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Monday, tí wọ́n ń dúró níbi iná ojú pópó, tí wọ́n ń gbéra, tí wọ́n tún ń dúró. Ibẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe nítorí adágún gbígbẹ ti yíjú padà sí wọn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ti ṣe. Wọ́n ti yọ eyín gíà Ford, wọ́n ti fi ti Lincoln Zephyr sínú gíábọ́ọ̀sì 1939 nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí gíà kìíní àti ìkejì sáré jìnnà. Wọ́n ti fi ásù tó ń mú ọkọ̀ sáré sí ẹ̀yìn. Méjèèjì dára lórí adágún; ní ojú pópó, ohun tí wọ́n túmọ̀ sí ni pé ẹ́ńjìnnì ní láti yí gan-an kí ọkọ̀ tó rìn díẹ̀, nítorí náà kílọ́ọ̀ṣì á yọ̀ pẹ́ ju bí Ford ṣe rò lọ. Gbogbo ìgbà tó sì fi ń yọ̀ ni jìgìjìgì fi ní àyè.

Fúláwíìlì ńkọ́? Ti Model A wúwo ju 60 pọ́n-ùn lọ. Ẹrù yẹn ló ń gbà á nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá mú, kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Oní-hot rod a gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, wọ́n a gbé e sórí lééètì, wọ́n a gé e títí tó fi kù bí ìdajì, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè fò. Paul Schiefer, ará California, sọ ọ̀ràn fúláwíìlì fífúyẹ́ di òwò. Alumíníọ̀mù ni tirẹ̀, pẹ̀lú ojú irin mìíràn níbi tí pílétì ti ń kàn án. Àwọn tó ń gé fúláwíìlì àtijọ́ nílé ń fi ẹ̀mí ṣeré, nítorí irin dídà tó ti tínrín lè fọ́ nígbà tó bá ń sáré, kí àfọ́kù rẹ̀ sì gba ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Èyí tí kò fọ́ pàápàá kò ní ẹrù tó máa fi gba ìta-gìrì kílọ́ọ̀ṣì mọ́.

Pílétì náà fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kàn án. Pílétì ojú pópó máa ń ní sípíríǹgì kékeré yí àárín rẹ̀ ká, ó tún máa ń ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká wọ́kọwọ̀kọ láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, kó lè máa mú díẹ̀díẹ̀. Pílétì ìje kì í sábà ní wọn. Onírin bàbà wà tó jẹ́ pé ègé mẹ́ta tàbí mẹ́fà péré ló ń kan fúláwíìlì. Iná kò lè tètè pa á, àmọ́ ó máa ń mú bí ẹni gbá nǹkan mú. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń gbé lọ sọ́jà, ìgbọ̀nrìrì ló rà. Hudson ni tirẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ pátápátá: èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n kì bọ pílétì, wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì, títí wọ àárín àwọn ọdún 1950. Àwọn tó wà á rí sọ pé kò sí èyí tó ń gbéra pẹ̀lẹ́ tó o. Kìkì pé wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ́ìlì náà gbẹ.

Lẹ́yìn 1955 ni ọ̀rọ̀ wá le. Chevrolet gbé V8 kékeré jáde ní ọdún náà, íǹṣì kúbíìkì 265, agbára ẹṣin 162, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń wọ inú ṣáásí Ford. Páìpù gbọọrọ abẹ́ Ford ti lọ. Apá tó ń di ásù ẹ̀yìn mú ti kúrò tàbí wọ́n ti là á sí méjì. Pẹ́dàlì ti wà lára ṣáásí, ẹ́ńjìnnì sì ti wà lórí rọ́bà Chevrolet, irin kan tó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ sì so méjèèjì pọ̀, orí rẹ̀ kan lára ẹ́ńjìnnì, orí kejì lára ṣáásí. Kílọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbé èjìká òsì sókè, irin kọ́lọkọ̀lọ fà, kílọ́ọ̀ṣì tú. Ẹ́ńjìnnì padà jókòó, kílọ́ọ̀ṣì tún mú. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé rọ́bà abẹ́ ẹ́ńjìnnì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ní December 1971, General Motors pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà padà, Chevrolet tí wọ́n ṣe láàárín 1965 sí 1970 ló pọ̀ jù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì síìtì wọn lè já, kí ẹ́ńjìnnì sì gbéra sókè kó fa irin tó ń fún un ní epo. Okùn irin ni wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀. Nínú hot rod, ẹ́ńjìnnì síìtì tó ti ya kì í ṣe àjálù tó tó bẹ́ẹ̀, kìkì pé ó máa ń parọ́ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, àgbà mọ́kálíìkì hot rod kì í kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Ó máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó máa ń ní kí ẹnì kan tẹ búréèkì, kó ki gíà kìíní, kó gbé kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Ojú rẹ̀ á wà lára ẹ́ńjìnnì. Á tún ní kó ki rìfáàsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá fò ní ọ̀nà kan ju èkejì lọ, síìtì ni kó kọ́kọ́ wò. Á wọ abẹ́ ọkọ̀, á fi ọ̀pá irin gbé ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì wò, á di ásù mú á mì ín, á wo bóòtù tó di sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ bóyá ó ti tú. Á béèrè ìgbà tí ó ń gbọ̀n: ṣé láàárọ̀ kùtù ni, àbí ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá gbóná? Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná sábà máa ń jẹ́ ti ọ́ìlì tó ń jò tàbí ti irin tí iná ń tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì gba sùúrù lára Ford àtijọ́. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì Model A kò ní síìlì rọ́bà. Òrùka kan ló ń ju ọ́ìlì sẹ́yìn, páìpù kékeré sì ń dá a padà sísàlẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń sá àsálà wọ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Ford mọ̀. Ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ ilé náà, ó sì fi pín-ìnnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan kọ́ sínú ihò náà láìdì í, kó lè máa mì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, kí ẹrẹ̀ má bàa dí ihò. Ọ̀pọ̀ ló ń rí pín-ìnnì yẹn tí wọ́n ń yọ ọ́ dànù, wọ́n rò pé ẹnì kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ihò á dí, ọ́ìlì á gòkè dé ojú pílétì, jìgìjìgì á bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ tán ni gíábọ́ọ̀sì ń wálẹ̀. Ojú pílétì máa ń jẹ́wọ́: dúdú tó ń dán níbi tí ọ́ìlì ti jó mọ́ ọn, dídán ní ẹ̀gbẹ́ kan péré, tó ń sọ pé ohun tó dojú kọ ọ́ kò tẹ́. Fúláwíìlì á ní àmì búlúù kéékèèké káàkiri, níbi tí iná ti mú kí irin le ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọlẹ́yìn tọ́nà á fẹ́ gbé e sórí lééètì, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ lééètì máa ń fò kọjá lórí ibi líle wọ̀nyí, á fi wọ́n sílẹ̀ bí gegele tí ojú kò rí. Òkúta ìlọ̀ ló lè mú wọn kúrò dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á de aago kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ mọ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ojú fúláwíìlì. Wọ́n á ti ṣáàfùtì ẹ́ńjìnnì síwájú kó má bàa ní àyè láti sún, wọ́n á wá rọra yí i. Bí abẹ́rẹ́ bá mì ju íǹṣì 0.005 lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju sísanra bébà kan lọ, wọ́n á tú bóòtù fúláwíìlì, wọ́n á sì wá ìdọ̀tí tàbí ìpẹ́ irin tó há sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á yí aago náà sínú ihò ẹ̀yìn ilé kílọ́ọ̀ṣì, nítorí pé nínú hot rod, irin àfisáàárín ni wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì kan mọ́ gíábọ́ọ̀sì òmíràn, ihò náà sì lè má bá ẹ́ńjìnnì dọ́gba mọ́. Àwọn ìka pírẹ́ṣọ̀, irin tó ń tẹ pílétì mọ́ fúláwíìlì, gbọ́dọ̀ ga dọ́gba. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pílétì sì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ wọ́ọ́rọ́ lórí eyín ṣáàfùtì gíábọ́ọ̀sì.

Ọ̀pọ̀ oní-hot rod òde òní ti yọ irin kọ́lọkọ̀lọ kúrò pátápátá. Ọ́ìlì búréèkì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì tiwọn láti inú páìpù tó lè tẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ jó, kó jó, kò sí ohun tó ń fà. Àwọn tó ń pa ìṣe àtijọ́ mọ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ 1932 kò gbọ́dọ̀ ní ohun tí 1932 kò mọ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí wọ́n bá ti lè ra ẹ́ńjìnnì síìtì tó dára.

Ohun kan ni kò yẹ kí wọ́n pa mọ́. Asbestos tó wà lójú pílétì àtijọ́ ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ìjọba Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fòfin dè é ní 1989, ilé-ẹjọ́ fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà ní 1991, ó sì di March 2024 kí wọ́n tó fòfin de irú asbestos kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀, tó fi mọ́ èyí tó wà lójú búréèkì àti àwọn láínìn ọkọ̀ yòókù. Pílétì tí wọ́n ṣe ní 1950 ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ pẹpẹ, eruku irú rẹ̀ sì ti kún inú ọ̀pọ̀ ilé kílọ́ọ̀ṣì tí kò tíì sẹ́ni tó ṣí i láti ọdún náà. Wọn kì í fi atẹ́gùn kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n máa ń fi omi rin ín, wọ́n á fi àkísà tútù nù ún, wọ́n á sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí wọ́n tó gbé aago wọn jáde.